Àga Bàbá Ìyàwó Kì Í Ṣe Ti Ọ́nkù Délé

Adéwọlé, Ìlọrin.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ìbùkún, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó gba ẹnu lọ́wọ́ mi,

Mo mọ̀ pé bí o bá gba àpò kúlíkúlí yìí lọ́wọ́ dírẹ́bà, tí o rí i pé ìwé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wàá rẹ́rìn-ín. Wàá ní, "Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé tí a wà yìí?" Èmi ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, kò sí ẹni tó máa ní kí n má kọ tèmi. Àti pé tó bá jẹ́ lórí fóònù ni, ìwọ á ti máa dá mi lóhùn kí n tó débi tí mò ń lọ. Ìwé kì í jẹ́ kéèyàn já ọ̀rọ̀ gbà. Bọ́ bàtà ẹ, jókòó, kà á tán kó o tó pe ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá lo pè mí pé àwọn ará ilé Fẹ́mi ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ wa. Inú mi dùn débi pé mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ sílẹ̀, mo jókòó. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀. O ní, "Mọ́mì, mò ń rò ó pé bóyá kí Ọ́nkù Délé bá wa jókòó sípò Dádì lọ́jọ́ náà. Kí Dádì máa sinmi ní yàrá. Ẹ mọ̀ pé adájọ́ ni bàbá Fẹ́mi, àwọn èèyàn ńlá ló máa bá wọn wá." Mo ní mo ti gbọ́. Mo pa fóònù. Ẹ̀fọ́ yẹn, mi ò rẹ́ ẹ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Mi ò bá Délé jà o. Àbúrò bàbá rẹ ni, olùkọ́ àgbà ni ní yunifásítì tó wà ní Malete, tó bá gbé agbádá wọ̀, ó máa ń yẹ ẹ́. Mo sì mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá rẹ lọ́dún tó kọjá, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde, itọ́ a sì máa yọ sí i létè nígbà míì kó tó ráyè nù ún. Ọkùnrin tó jẹ́ pé nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, láti ẹnu géètì ilé ìwé lo ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo mọ̀. Èmi ni mò ń bá a di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láràárọ̀.

Inú bí mi sí ẹ. N ò ní purọ́ fún ọ, inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ kẹrin ni ọkàn mi wá dá mi lẹ́jọ́. Ó ní, ìwọ obìnrin yìí, ẹnu wo lo fẹ́ fi bá ọmọ ẹ wí? Ṣé kì í ṣe ohun tí ìwọ náà ṣe fún bàbá tìrẹ nìyí?

O ò mọ ìtàn yẹn. Nónò rẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, mo sì ti wo ẹ̀yìn tó láti ọjọ́bọ̀.

Ohun tí ìwọ mọ̀ nípa bàbá mi ò ju ti arúgbó òyìnbó tó máa ń bó ọsàn fún ọ, tó ń sọ Yorùbá Ọ̀mù-Àrán bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e pọ̀n. Nónò lẹ̀ ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe bàbá àgbà ní Ítálì. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Abúlé kan lápá òkè Ítálì ni wọ́n bí i sí, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni tẹ̀rásò. O mọ̀ ọ́n, irú ilẹ̀ tó wà ní pálọ̀ wa: wọ́n á po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n á tẹ́ ẹ, tó bá gbẹ, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ àti omi lọ̀ ọ́ títí á fi máa dán. Jínò lorúkọ rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan ló mú un wá pé kó wá tẹ́ ilẹ̀ ilé ìjọba fún ọdún méjì. Ọdún méjì yẹn ò parí títí ó fi kú.

Ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ló di ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá mi ní ọgbẹ́ yẹn ò tó èékánná, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọkùnrin náà fi ń padà wá lójoojúmọ́ pé ó ṣì ń dun òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ ẹ.

Jẹ́ kí n wá to ọ̀rọ̀ mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń tò ó fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà.

Èkíní. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ máa ń gbà kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín nítorí rẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ìyá ìyá mi ṣàìsàn ní Ọ̀mù-Àrán, Màámi lọ tọ́jú rẹ̀ fún oṣù kan. Ó ku èmi àti bàbá mi nílé. Irun orí mi wá di igbó. Bàbá mi ò ní kí aládùúgbò kankan bá òun dì í. Ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó Alfa Sànúsí, aládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní fàràńdà ilé rẹ̀, ó ní kó kọ́ òun. Ọjọ́ méjì ló fi wò ó bó ṣe ń di ti àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ó fi mí sáàárín orúnkún, ó fi ọwọ́ tó fi ń gbé òkúta di ṣùkú fún mi. Ṣùkú náà wọ́ sẹ́yìn etí òsì. Gbogbo kíláàsì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo tú u lójú ọ̀nà, mo délé, mo ní mi ò fẹ́ kó fọwọ́ kan irun mi mọ́ láéláé.

Kò bínú. Ó ní, "Píánò, píánò," tó túmọ̀ sí jẹ́jẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni, lédè wọn. Ó tún un dì lọ́jọ́ kejì, àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Màámi fi máa dé, ṣùkú yẹn ti ń dúró déédéé, Màámi sì bi í pé ta ló di irun ọmọ òun. Ìbùkún, tí Fẹ́mi bá ṣe oúnjẹ fún ọ tí iyọ̀ jù nínú rẹ̀, jẹ ẹ́. Má fi ẹnu wọ́ ọ nílẹ̀. O ò ní í rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa gbà láti ṣe aláìmọ̀ọ́ṣe nítorí rẹ láyé yìí.

Èkejì. Tó o bá dé ilé ọkọ, má ju ilé baba rẹ nù. Bàbá mi fẹ́ràn ìlú yìí ju àwọn kan tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò fìgbà kan sọ pé ibí lòun ti wá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun ló máa ń wọ kíṣíìnì. Á ro túwó àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní pólẹ́ńtà lọ́dọ̀ wọn, á dà á sórí pátákó pẹrẹsẹ, á sì mú òwú ìránṣọ, á fi gé e ní ìdá ní ìdá. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń gé e nìyẹn. Màámi á ní, "Ẹ wá wo ọkọ mi tó ń ránṣọ sínú túwó." Àwa ọmọ á jókòó yí pátákó ká, kálukú á máa jẹ láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ títí a ó fi pàdé láàárín. Lẹ́yìn oúnjẹ, á mú bírò, á kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà lábúlé. Kò pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ.

Ó fẹ́ kọ́ mi lédè rẹ̀. Mo gbọ́ díẹ̀ ní kékeré. Àmọ́ nígbà tí mo wọ ilé ìwé gíga, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní "àpọ́nbépo", mo ní mi ò sọ ọ́ mọ́. Tó bá fi bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni màá fi dá a lóhùn. Nígbà tó yá, òun náà ò sọ ọ́ sí mi mọ́. Báyìí, àpótí kan wà lórí wọ́dúróòbù mi tó kún fún lẹ́tà tí àbúrò rẹ̀ fi ń dá a lóhùn. Mo máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, màá rí orúkọ tèmi nínú rẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi. Gbogbo ìwé tí mo kà, mi ò lè ka ìyẹn.

Torí náà, bi bàbá rẹ léèrè ọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Bi í bí wọ́n ṣe rìn kúrò ní Ọ̀ffà dé Ìlọrin nígbà tó ń lọ síléèwé. Bi í ní orúkọ àwọn bàbá bàbá rẹ̀. Ó máa pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, mo gbà. Jókòó tì í kó pẹ́.

Ẹ̀kẹta. Èyí gan-an ni mo fi jókòó kọ̀wé.

Bàbá mi kì í lè rí ilẹ̀ eléruku kó má wá nǹkan ṣe sí i. Tó bá gba iṣẹ́ ní ilé olówó, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun kó ajẹkù òkúta. Òkúta yẹn ló fi tẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ló fi tẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá nílé kéwú Alfa Sànúsí, torí ó rí i tí bàbá àgbàlagbà kan yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ní ká tún àyíká ṣe, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú gọ́tà ní Adéwọlé níbí, àwọn onílé míì á sì tẹ̀ lé e wọ̀ ọ́ torí ojú á máa tì wọ́n. Ó fi òkúta ṣe àwọn bọ́ọ̀lù kan, tó tó ìkúùkù méjì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni òun àti Alfa àti àwọn bàbá àdúgbò máa ń yí wọn nílẹ̀ níwájú ilé wa, ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ èyí kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ yí ju ti àwọn yòókù lọ ló jẹ. Eré abúlé wọn ni. Alfa ló mọ̀ ọ́n yí jù. Tó bá ti jẹ, á ní, "Alihamudulilai, mo ti na Ítálì lónìí." Bàbá mi á ní kí wọ́n tún un yí.

Lọ́dún tí bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ mi, ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tó wà lọ́nà Basin ni bàbá mi ń bá wọn tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Wọn ò bẹ̀ ẹ́, wọn ò sì san kọ́bọ̀. Màámi ló wálé lọ́jọ́ kan sọ pé ilẹ̀ lásán làwọn aboyún ń bímọ sí níbẹ̀, pé iyẹ̀pẹ̀ ń ta sí ara ọmọ tuntun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni bàbá mi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọ̀ffà ni bàbá rẹ, o sì mọ̀ wọ́n, wọn kì í fi oríkì ṣeré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan bi mí, kò ní ibi lọ́kàn o, ó ní, "Ìyàwó, tí wọ́n bá mú ọ jáde lọ́jọ́ yẹn, oríkì ilé baba wo la máa fi kí ọ? Ṣé òyìnbó máa ń ní oríkì ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi, kò jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rí ara mi lójú ìran, pẹ̀lú ìbòjú lórí, láàárín àwọn àna, kí gbogbo àwọn obìnrin ilé dákẹ́ lọ rọ́rọ́ nítorí pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa pè mí. Ọmọ ta ni? Ọmọ òyìnbó tó ń fi orúnkún rìn nílẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lára.

Ni mo bá rò ó. Ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin wà, hẹdimásítà ni, ó ga, ó sanra, oríkì rẹ̀ gùn tó ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán. Mo ní òun ni kó jókòó sórí àga bàbá ìyàwó. Mo sọ ọ́ fún Màámi. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹnu mi kọ́ ni bàbá rẹ ti máa gbọ́ ọ. Ìwọ lo gbèrò rẹ̀, ìwọ ni kó o lọ sọ ọ́ fún un."

Mo bá a ní ilé ìgbẹ̀bí náà. Ó wà lórí orúnkún, ó ń lọ ilẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Èmi, mi ò wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, àṣà wa ni. Ó máa ń le díẹ̀, ó lè má yé yín." Ìbùkún, ọkùnrin tó ti ń jẹ tó ń mu nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí mi ni mò ń ṣàlàyé àṣà fún. Mo sọ ọ́ tán. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì omi, ó fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, èèyàn iyì ni. Ó máa yẹ ẹ́ láti jókòó síbẹ̀." Ó tún ní, "Ṣé mo lè wá bá wọn to àga?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń fò lọ sílé pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mi ò tilẹ̀ bi ara mi. Bàbá rẹ ńkọ́? Mo purọ́ fún un. Mo ní iṣẹ́ ti gbé bàbá mi lọ sọ́nà jíjìn, wọn ò ní lè wá.

Ọjọ́ náà pé. Bàbá mi ló to gbogbo àga láàárọ̀. Ó fi aṣọ nu àga bàbá ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá tí wọ́n fi mí sí. Nígbà tí àwọn àna dé, ó lọ dúró lẹ́yìn pátápátá, níbi dúrọ́ọ̀mù omi, ó gbé tírè, ó ń há omi fún àwọn àlejò. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lára wọn bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ta ni òyìnbó yìí?" Onítọ̀hún ní, "Bóyá òun ló kọ́ ilé fún wọn." Ẹnikẹ́ni ò ní, "Bàbá ìyàwó ni."

Wọ́n wá pe bàbá rẹ pé kó bọ́ síwájú, kó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Ó dìde nínú léèsì funfun, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wo Ẹ̀gbọ́n Màámi lórí àga. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí bàbá mi lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú tírè lọ́wọ́. Mo rí i tó rí i.

Ó kọjá lára àga. Ó rìn láàárín àwọn èèyàn títí ó fi dé ibi dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tí omi ti dà sílẹ̀ tí ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú léèsì yẹn. Ó gbé orí sókè láti ibẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, bàbá tó bí ìyàwó mi nìyí. Àwọn ni mo wá dọ̀bálẹ̀ fún."

Bàbá mi ò mọ ibi tó máa gbé tírè sí. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, aṣọ rẹ ti bàjẹ́." Ohùn Ọ̀mù-Àrán tó fi sọ ọ́ ló pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé Ẹ̀gbọ́n Màámi máa bínú. Ó ti dìde kí n tó wo ibẹ̀, ó ń nawọ́ àga sí bàbá mi. Ó ní, "Jínò, wá gba àga rẹ. Láti àárọ̀ ló ti ń jó mi nídìí."

Wọ́n fi bàbá mi jókòó. Ìyá àgbà bàbá rẹ, tó jẹ́ pé òun ló mọ oríkì pè jù láàárín wọn, bi í pé, "Níbo nílé yín?" Ó dárúkọ abúlé rẹ̀. Màmá ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?" Bàbá mi ní, "Ilẹ̀ là ń tẹ́, Màmá." Màmá ní òun gbọ́. Ló wá di pé àwọn èèyàn ń bá a sọ ọ́ láti oríṣiríṣi ọ̀nà. Alfa Sànúsí ní, "Màmá, òun ló tẹ́ ibi àlùwàlá wa." Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Màámi ní, "Òun ló ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí, kò gba kọ́bọ̀." Màmá wá mi orí, ó dìde dúró, ó sì kì mí, ọmọ òyìnbó tí mo rò pé kò ní oríkì:

Ọmọ a-kúnlẹ̀-tẹ́-ilẹ̀,
Ọmọ a-fòkúta-dárà,
Ọmọ ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ fún onímàle kó rí ibi ṣàlùwàlá,
Ó tẹ́ ti aboyún kó má bímọ sórí iyẹ̀pẹ̀,
Òyìnbó tó jìnnà sílé tó sọ ilé wa dilé.

Mi ò rí ẹkún bàbá mi rí kó tó dọjọ́ yẹn. Ó fi apá ẹ̀wù nu ojú rẹ̀ bí ọmọ kékeré. Èmi náà, nínú yàrá, gbogbo àtíkè tí wọ́n kùn fún mi ti di omi.

Kò bá mi sọ ọ́ títí ayé. Èmi ni mo lọ kúnlẹ̀ fún un lẹ́yìn tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà ọ́. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n má máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀." Ó sì ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbọ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n lè má bọ̀wọ̀ fún mi mọ́. Orúkọ tèmi ló tún ń bò. Irú èèyàn tí bàbá mi jẹ́ nìyẹn.

Ìbùkún, ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ẹni tó o ní kí n tì mọ́ yàrá.

Mi ò mọ ẹlẹ́ẹ̀kelòó tí mo kà dé mọ́, fi mí sílẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Adájọ́ ni bàbá Fẹ́mi, ó dáa. Adájọ́ ti rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ rí. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló máa lé wọn padà, kí wọ́n yáa padà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ìwọ náà bá ṣàìsàn nílé wọn. Bá Fẹ́mi sọ ọ́ kí wọ́n tó wá, má jẹ́ kó bá a lójijì. Délé lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ, kó bá a ka ọ̀rọ̀ tó bá gùn. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì sọ fún mi pé òun ò lè jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n òun nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun wà láyé. Mi ò pàṣẹ fún ọ. Ìwọ ni wọ́n ń gbé níyàwó. Ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi fún ọ, kó o má baà kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọ̀la bí mo ṣe kúnlẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan.

Mi ò sọ fún bàbá rẹ pé o pè. Ọjọ́ tí wọ́n mú nìkan ni mo sọ fún un. Láti ìgbà náà, tó bá ti lo oògùn àárọ̀ tán, á rọra lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, ó rò pé mi ò gbọ́. Ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí bàbá ìyàwó máa ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ fa ọmọ lé àna lọ́wọ́. "Ẹ̀yin àna wa, ẹ káàbọ̀," ìyẹn ti ń jáde. "Ọmọ wa nìyí," ìyẹn náà ń jáde. Orúkọ rẹ ni kò tíì lè pè parí. Ahọ́n rẹ̀ kì í yí dáadáa níbẹ̀. Á dé "Ìbù," á dúró, á nu ẹnu rẹ̀, á wá padà sí "Ẹ̀yin àna wa," torí olùkọ́ ni, kì í fo ìlà. Láàárọ̀ yìí, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo kà kí n tó wọlé wá mú bírò.

Pè é lónìí. Òun ni kó o pè o, kì í ṣe èmi. Bi í léèrè ohun tó máa sọ lọ́jọ́ náà. Tó bá dé ibi orúkọ rẹ tó dúró, má bá a pè é. Dúró dè é.

Ìyá rẹ ni,
ọmọ Jínò a-kúnlẹ̀-tẹ́-ilẹ̀.